Ìgbà 1,001 ńkọ́?

1/ Ẹ gbọ́, tí róbọ́ọ̀tì bá rìn nígbà 1,000 tí kò ṣubú, mi ò tíì ní jẹ́ kó gbé màmá àgbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà 1,001 ńkọ́?

2/ Lọ́dún 1892, Lyapunov, ará Rọ́ṣíà, lànà: wá iye kan tó ń dín kù ṣáá bí nǹkan ṣe ń rìn. Bí ọsàn nínú igbá: á yí, á yí, á dúró nísàlẹ̀. Wíwá iye yẹn ló le jù.

3/ Ní báyìí, ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ló ń méfò rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kejì á máa wá ibi tó ti kùnà. Tó bá rí i, ó yá, padà lọ kọ́ ọ! Tí kò bá sí ibì kankan mọ́ láàárín ààyè tí wọ́n yẹ̀ wò, ó di ẹ̀rí.

4/ Alátakò tí kì í rẹ̀ yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ta róbọ́ọ̀tì fún yín.