Kọ̀ǹténà Tí Ń Làágùn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ná ìyàwó mi lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi tìkara mi di abanijẹ́. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ìyá púpọ̀ ló ń tajà nínú kọ̀ǹténà láyé ìsinsìnyí, ní Òkè-Ìlá wa níhìn-ín àti káàkiri ìlú Adó-Èkìtì.

Èlò oúnjẹ ni ìyàwó mi ń tà: ẹ̀lúbọ́, gàrí, súgà, iyọ̀, mílíìkì àti ọṣẹ. Nígbà tí ó kó àjọ, a ra kọ̀ǹténà onírin kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, a sì gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Wẹ́dà kan ní àdúgbò wa ló gé ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i. Èmi ni mo pàṣẹ pé kí ó jó irin dí gbogbo ihò kéékèèké tí ó wà lókè ara rẹ̀, nítorí eku àti nítorí olè. Ọkùnrin náà ní, "Ààfáà, ẹ jẹ́ kí á fi ihò wọ̀nyí sílẹ̀ o, wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe." Mo ní kí ó ṣe ohun tí mo wí. Ó ṣe é.

Èmi ni mo ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa, ẹ̀bá ìsọ̀ náà ni mo sì ń gbà kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀: tó, tó, tó. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn, omi ló ń kán láti òrùlé. Páálí mílíìkì ti rọ̀, súgà ti dì gbagidi nínú àpò, ẹ̀lúbọ́ tí ó fara ti ògiri ti bu, ó sì ń rùn.

Ta ni ẹ rò pé mo dá lẹ́bi? Wẹ́dà ni. Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní kò jó irin wa dáadáa, mo ní owó èrú ni ó gbà lọ́wọ́ wa. Kò sọ ju "Ẹ má bínú, Ààfáà, n ó wá wò ó." Ó wá lóòótọ́, ó gun òkè, ó da omi garawa mẹ́ta lé òrùlé náà lórí. Èmi dúró sínú, mo ń wòkè. Ẹ̀kán kan kò kán. Síbẹ̀ n kò gbà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó dá a.

Ohun tí ó kọ́kọ́ mú mi ṣiyèméjì ni pé òjò kò rọ̀ rárá ní òru tí omi náà kán jù lọ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ sì kún un. Ní ọjọ́ kẹta, wẹ́dà náà tún dé, ó ra omi inú ọ̀rá tí ó tutù nini, ó gbé e lé orí tábìlì ìyàwó mi. Kí a tó kí ara wa tán, omi ti bo ara ọ̀rá náà, ó ti ń ṣàn sórí tábìlì. Ó bi mí pé, "Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lu ọ̀rá yìí?" N kò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi. Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ó lè gbé omi púpọ̀. Bí ó bá tutù, agbára rẹ̀ a dín. Afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹténà bíi tiwa, bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 30 ti Celsius, lè gbé omi tó lítà kan. Bí ó bá tutù dé 20, díẹ̀ ló fi lè ju ìlàjì lítà lọ. Èyí tí ó ṣẹ́kù ní láti wá ibi bà lé, ibi tí ó bá sì tutù jù ni yóò lọ. Irin ni ibi náà. Ní òru tí kò sí ìkúùkù, òrùlé irin a máa tú ooru rẹ̀ dànù sójú ọ̀run, títí yóò fi tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Bí ìrì ti ń sẹ̀ sórí koríko nìyẹn. Ìdájí ni ó ń tutù jù, òun ló fi jẹ́ pé èmi apèrun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Níbo wá ni omi náà ti ń wá lálaalẹ́? Láti ọwọ́ àwa fúnra wa ni. Ìyàwó mi a máa fi omi nu ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a sì ti ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ibẹ̀ ni ó ti ń fi gáàsì gbọ́ oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kìlógíráàmù gáàsì kan tí ó bá jó tán ń bí omi tí ó ju kìlógíráàmù kan àbọ̀ lọ. Ẹ̀lúbọ́ tí kò gbẹ tán náà ń mí omi tirẹ̀ jáde. Èmi ni mo sì jó irin dí ihò tí gbogbo rẹ̀ ì bá gbà jáde. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Kì í ṣe ìsọ̀ wa nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù orí òkun ni wọ́n ṣe kọ̀ǹténà fún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ Ideal X kó àpótí 58 irú rẹ̀ láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni wọ́n ti gba ayé kan. Kòkó tí àwọn bàbá wa ní Èkìtì ń sá, bí ó tilẹ̀ gbẹ dáadáa, omi bí 7 nínú 100 ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a bá kó tọ́ọ̀nù 12 sínú kọ̀ǹténà kan, omi inú rẹ̀ tó lítà 840, èyí ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ! Bí ọkọ̀ bá kúrò nínú ooru wa tí ó wọ inú òtútù Yúróòpù, omi náà a gòkè, a lẹ̀ mọ́ irin, a sì kán padà sórí àpò. Nítorí náà ni àwọn tí ń kó kòkó ránṣẹ́ ṣe ń fi páálí tẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń so èròjà tí ń fa omi mu kọ́ ọ.

Ìyàwó mi bi mí bóyá kí á tún ẹ̀lúbọ́ náà sá, kí á pò ó mọ́ èyí tí ó dára. Mo rántí ìtàn Ànábì wa, nígbà tí ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, tí ìka rẹ̀ kan èyí tí ó tutù tí ọlọ́jà náà fi pamọ́ sísàlẹ̀. A da ẹ̀lúbọ́ náà nù. Májèlé mìíràn wà nínú ohun tí ó bu tí iná kì í pa.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí ìsọ̀ wẹ́dà. Níwájú àwọn tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́ ni mo ti tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ààfáà, ẹ jẹ́ kí á lọ ṣí ihò wọ̀nyẹn."

Ohun tí a ṣe nìyí. A lu ihò sísàlẹ̀ àti sókè, a fi àwọ̀n wáyà bò wọ́n nítorí eku. A wọ ẹ̀wù fún irin náà nínú, òrùlé àti ògiri, pẹ̀lú fóòmù líle funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tímọ́tímọ́, a dí gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀, káfíńtà sì fi pákó bò ó. Bí afẹ́fẹ́ bá rí àyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀, omi yóò máa sun níbẹ̀ níkọ̀kọ̀, irin yóò sì dípẹtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ má ṣe lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì, mímu ni ó ń mu omi. Ẹ má sì ṣe dáná níbi tí fóòmù bá wà, nítorí ó yá jó, èéfín rẹ̀ sì burú. A tún fi páànù ṣe òrùlé kejì sókè, a fi àyè sílẹ̀ láàrin méjèèjì. A gbé ọjà lé orí pákó, kò fara kan ògiri mọ́. Òwúrọ̀ ni ìyàwó mi ń nu ilẹ̀ báyìí, nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹténà, ẹ ka owó ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ owó rẹ̀. Bí omi bá sì kán sórí ọjà yín, kí ẹ tó dá oníṣẹ́ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé. Oṣù kọkànlá tún ti yí po. Ní ìdájí àná, mo dúró lẹ́bàá ìsọ̀ náà, mo gbé etí lé irin. N kò gbọ́ nǹkan kan, mo sì bá ọ̀nà mi lọ láti pe ìrun. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọjà wa, kí ó sì bá wa ṣọ́ ẹnu wa. Àmín.