Mo Dá Àbúrò Mi Lẹ́bi Lásán

Ọ̀rọ̀ yìí tì mí lójú láti sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́, ẹlòmíràn lè tún ṣe irú rẹ̀.

Ní ọdún 2023, àbúrò mi yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú wa, ìlú Fábùnmi. Èmi ni mo ṣe onídùúró fún un. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló rà. Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọmọ fi sá lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ nínú géèmù, àwòrán á ṣàdédé dúró, á tún fò síwájú. Owó ẹgbẹ́ ò ṣeé san mọ́. Mo ní àfi kó jẹ́ pé ó ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ rìn kiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rọ ló ń kọsẹ̀."

N kò gbọ́. Ní Ìbàdàn tí mo ń gbé, mo ra mẹ́mórì tuntun mẹ́rin. 3200 ni wọ́n kọ sára ti àtijọ́. Mo ra 3600, mo ṣebí bí nọ́ńbà bá ti tóbi tó ni yóò yá tó. A yọ ti àtijọ́, a fi tuntun sí i. Pàbó!

Mo bá gbé kọ̀ǹpútà kan tọ ọmọkùnrin kan tó ń tún un ṣe lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ ti kọ́lé rí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ fi pírósẹ́sọ̀ ṣe bíríkìlà, kí mẹ́mórì jẹ́ lébìrà tó ń ru kọnkéré. Nọ́ńbà ńlá yẹn ń sọ bí kọnkéré ṣe ń ya wọlé tó. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá ké pé 'Kọnkéré dà?', báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí páànù àkọ́kọ́ tó dé? CL la fi ń mọ ìyẹn."

CL ti àtijọ́ jẹ́ 16, ti tuntun 18. Ó ní kí n fi 2000 sọ CL di púpọ̀, kí n fi nọ́ńbà ńlá pín in. Ẹ bá mi ṣe é: 16 pẹ̀lú 3200, ó di 10, 18 pẹ̀lú 3600, 10 náà ni! Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, mẹ́wàá nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìdúró kan náà ni mo fowó rà.

Ó tún tú u. Ọ̀nà méjì ni mẹ́mórì ní sí pírósẹ́sọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kejì ṣófo. Kò sì sí káàdì àwòrán lọ́tọ̀; bíríkìlà àti ẹni tó ń kun ilé, lébìrà kan náà ni wọ́n ń pè. Pabanbarì rẹ̀, kò sẹ́ni tó tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí mẹ́mórì sá iye eré tí wọ́n kọ sára rẹ̀. 2133 ló ń sá, CL 15. Ìdúró ti lé ní 14.

Ó ní ká da àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, kí méjèèjì jọ máa sá 3200. Géèmù ń ṣàn lọ geere. Ó kìlọ̀ pé kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán tirẹ̀ kì í sábà jàǹfààní tó bẹ́ẹ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sílé, mo bẹ àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbèsè ṣì kù o." Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n ríran.