Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Rì Sínú Yanrìn

Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń kà mọ́ ìlú wa, Igbó Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè. Mo mọ ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú wọn, nítorí alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́. Ti ọmọ àbúrò mi obìnrin ni.

Láti kékeré ni ọmọ náà kò ti lè fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin, olùkọ́ wọn kó àwọn ọmọ lọ sí ẹsẹ̀ òkè láti wo ewé àti òkúta. Òun nìkan ló kù sílé. Nígbà tí wọ́n dé, ó bi wọ́n léèrè ohun gbogbo, títí kan iye alángbá tí wọ́n rí. Wọ́n ní ogún ni. Ìbéèrè alángbá yẹn dùn mí ju ẹkún lọ.

Mo lọ ra kẹ̀kẹ́ arọ kan ní Kútọnu. Ó ń dán gbinrin. Táyà iwájú rẹ̀ méjèèjì kò tóbi ju ẹnu ife lọ. N kò bi ọmọ náà léèrè kí n tó rà á. Nínú ilé, kẹ̀kẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀nà tó wà lẹ́yìn ilé wa, táyà kékeré náà rì sínú yanrìn, kẹ̀kẹ́ dúró lójijì, ọmọ sì dojú bolẹ̀. Eyín rẹ̀ kan kán.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ló sọ fún mi, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Ìgbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo kà nípa Ralf Hotchkiss, ará Amẹ́ríkà kan tí kò lè rìn mọ́ lẹ́yìn tí jàǹbá alùpùpù ṣe é ní ọdún 1966. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Ó bá àwọn oníṣẹ́ irin ṣiṣẹ́ ní oríṣiríṣi ilẹ̀, kí wọ́n lè fi irin tó wà lọ́jà tiwọn ṣe kẹ̀kẹ́ arọ tó lè gba ọ̀nà gbágungbàgun. Bí táyà iwájú bá jìnnà sí ti ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ kì í tètè dojú dé. Bí ó bá sì fẹ̀, kì í tètè rì.

Lọ́tẹ̀ yìí, a mú ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ bá ajórin. Wọ́n wọn ìbàdí rẹ̀, nítorí pé ìjókòó tó bá fẹ̀ jù a máa jẹ́ kí ara wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Táyà mẹ́ta ni wọ́n fi sí i, ọ̀kan níwájú. Táyà tí ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọjà lè tún ṣe ni. Wọ́n fi tìmùtìmù tó nípọn sí ìjókòó, wọ́n sì fi bẹ́líìtì sí i.

“Bíréèkì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?” ni ọmọ náà bi í.

Ajórin ti gbàgbé bíréèkì! Èmi náà kò rántí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà kò gun òkè o. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gun irú àpáta yẹn. Ṣùgbọ́n ó dé ẹsẹ̀ òkè. Níbi tí yanrìn ti jìn, a yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, mo di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wo ara àpáta láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Mẹ́sàn-án péré ni mo rí,” ló wí. “Wọ́n parọ́ fún mi. Bàbá, ẹ bá mi kà á.”