Láti Sùúrùlérè Dé Etí Òkun: Ètò Ìpàgọ́ Ìdílé Ní Àgbádárìgì

Kò ṣòro láti rí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Mùṣin tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn òkun rí. Òkun kò jìnnà sí i. Àyè ni kò sí. Iṣẹ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti gba ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ọjọ́ keje sì jẹ́ ti ìjọsìn àti aṣọ fífọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Èkó kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó jìnnà: láti Eric Moore, ní Sùúrùlérè gan-an, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba Òrílé kọjá lọ sí Mile 2, Ọ̀jọ́, Òkòkòmaikò àti Àgbárá, títí dé Àgbádárìgì tí a tún ń pè ní Badagry. Ìdílé tí ó bá ní ọjọ́ mẹ́ta, àgọ́ aláṣọ kan àti ètò tí ó mọ́yán lórí lè sùn létí òkun, kí wọ́n sì padà sílé láyọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni ìpàgọ́. Àwọn baba wa a máa kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí abà ní ìgbà iṣẹ́ oko, wọn a sì máa pa àlọ́ lẹ́bàá iná. Lóde òní, ìdílé tí ó bá ti tẹ́ ẹní sùn ní Redemption Camp rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìgbà àti ọ̀nà

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ó dára jù. Òjò oṣù kẹrin sí oṣù keje kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ àgọ́ aláṣọ. Ìrìn náà kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi jíjìn rẹ̀ díwọ̀n àkókò. Láti ọdún 2009 ni iṣẹ́ ìfẹ̀gbòòrò ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà yìí. Ibì kan dán, ibòmíràn kún fún kòtò. Ẹ jáde nílé ní ìdájí, nítorí oòrùn a máa wọ̀ láàárín agogo 6:30 sí 7, kò sì yẹ kí ẹ máa wá ibi tí ẹ ó sùn nínú òkùnkùn.

Ẹ yẹ táyà àfidípò, jáàkì àti ìwé ọkọ̀ wò kí ẹ tó gbéra. Ibùdó àyẹ̀wò pọ̀ lọ́nà ibodè Ṣẹ́mẹ̀, nítorí náà kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ìdílé tí kò ní ọkọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Òrílé-Ìgànmú dé Mile 2; láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó ti ń gbé èrò. Ọkọ̀ èrò Badagry wà ní Mile 2.

Ibi tí ẹ ó sùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlú Àgbádárìgì wà létí òkun. Ọ̀sà ni ó wà níwájú rẹ̀. Erékùṣù Gbèrèfú ni ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹ ó wọ̀ dé ibẹ̀. Àjọ LASWA tí ń bójú tó ọ̀nà omi Èkó ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó. Ẹ wò ó bóyá èyí tí ó bá àwọn ọmọ mu wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó san owó.

Kò sí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀. Àwọn Ògù, tí a tún ń pè ní Ẹ̀gùn, ni ó ni ọ̀pọ̀ abúlé etíkun yìí. Ẹ kí baálẹ̀, ẹ gba àṣẹ, ẹ sì bèèrè ẹni tí yóò fi ibi tí ó dára hàn yín. Ìkíni yẹn ni ààbò yín lóru. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sàn kí ẹ lo ọgbà ilé ìgbafẹ́ tí ó ní ẹ̀ṣọ́ àti omi ẹ̀rọ. Ẹ pa àgọ́ sókè ju ibi tí ìgbì kó pàǹtí jọ sí, ẹ má sì pa á sábẹ́ igi àgbọn: àgbọn tí ó bá já kì í kìlọ̀.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ sùn

Ní Gbèrèfú ni ibi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀ wà. Ọ̀nà iyanrìn yẹn ni wọ́n mú àwọn tí wọ́n tà sí oko ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ bá àwọn ọmọ rìn ín, ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn ní ìwọ̀n ọjọ́ orí wọn. Ẹ má ṣe pàgọ́, ẹ má sì ṣe dá iná ẹran síbẹ̀.

Nínú ìlú, ẹ wo ilé Ṣẹ́ríkí Williams Abass, tí àwọn yàrá ìhámọ́ ẹrú rẹ̀ ṣì wà. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni a kó lẹ́rú ní kékeré, tí ó padà wá di oníṣòwò ẹrú. Ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ yóò bi yín bí ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe sá fún ìbéèrè náà. Ẹ tún wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845.

Omi òkun

Ìgbì etíkun wa lágbára. Ìṣàn kan wà tí ń fa ènìyàn kúrò létí òkun lọ sí àárín ibú, àní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá kó sí i kò gbọ́dọ̀ bá a jìjàkadì. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Fún àwọn ọmọdé, omi kò gbọ́dọ̀ kọjá orúnkún. Kí àgbàlagbà kan tí kò mu ọtí, tí kò sì mú fóònù lọ́wọ́, dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn. Ẹ máa gba ipò yìí lọ́wọ́ ara yín.

Ẹrù àti oúnjẹ

Láti ọjà Téjúoṣó ní Yábàá, ẹ lè ra ẹní, tọ́ọ̀ṣì, okùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Láti Ojúwòyè ní Mùṣin, gàrí, ẹ̀wà, ata àti epo. Ẹja tútù wà lọ́wọ́ àwọn apẹja etíkun. Ẹ gbé omi mímu tí yóò tó yín, oògùn ibà àti ti ọgbẹ́, àti owó lọ́wọ́, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe ségesège.

Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ kó gbogbo ọ̀rá àti ìdọ̀tí yín, ẹ sì dágbére fún baálẹ̀. Àlejò tí ó dágbére dáadáa ni a máa ń rántí bí ó bá tún dé.