Ikú Ìyá Méjìlá

Ẹyin méjìlá ni àgbébọ̀ mi sàba lé, méjèèjìlá sì pa, la bá ń pè é ní Ìyá Méjìlá. Òun ni mo bá láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìnkùlé wa n'Ìbàdàn, ọrùn rẹ̀ lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, ó ń yí bírí lójú kan, ìgbẹ́ rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Lùkúlùkú ni. Àrùn yìí kì í ṣe àlejò níbí: agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953.

Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò mi, ní kí n tètè dúḿbú rẹ̀ kó tó kú sí mi lọ́wọ́, kí n fi sebẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n gbé e lọ sọ́jà kílẹ̀ tó ṣú. (Ọjà yẹn náà ni àìsàn ti ń wọlé onílé.) N ò ṣe èyíkéyìí. Mò ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu, mo sì ń pe ara mi ní aláàánú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Bó bá sọ àgbàdo, ilẹ̀ lásán lẹnu rẹ̀ ń bà.

Dókítà ẹran ní lùkúlùkú kò lóògùn, àjẹsára nìkan ló wà, ìyẹn sì ti pẹ́ jù fún un. “Màmá, ṣé adìẹ yìí lẹ̀ ń ṣàánú ni, àbí ara yín?”

Ó fi ọ̀nà tí mo lè gbà pa á hàn mí: ká di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ká há orí sáàárín ìka, ká fà á sísàlẹ̀, ká sì tẹ orí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí eegun ọrùn yọ kúrò lára agbárí. Ó ní bọ́wọ́ bá lọ́ra, ìyà ni. Apá lè máa gbọ̀n lẹ́yìn náà. Iṣan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti dúḿbú adìẹ láìmọye, lọ́jọ́ ọdún, lọ́jọ́ àlejò, ọwọ́ mi kò gbọ̀n rí. Ikú tí ẹnikẹ́ni ò ní jèrè rẹ̀ àfi adìẹ fúnra rẹ̀, òun ni n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa.

Mo fà á. Apá gbọ̀n, ó rọlẹ̀. A gbẹ́ kòtò jíjìn, a sin ín tòun tìyẹ́.

Àjẹsára inú ìgò kan pọ̀ ju adìẹ mi lọ, bí a bá sì ti pò ó mọ́mi, kò ṣeé tọ́jú dọ̀la; ìdí tí mo fi ń sún un síwájú nìyẹn. Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ dáwó rà á. Kò sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ mọ́. Ó kàn bi mí bóyá Ìyá Méjìlá ké.

Mo ní kò ké.