Ewéko Tó Ń Jẹ Eṣinṣin: Ohun Èlò Rẹ̀ Kún Computer Village

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní ọdún 2024 láti Agége, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ̀kalẹ̀ ní Ìkẹjà. Kó tó rìn dé Otigba, ariwo á ti bẹ̀rẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ wá wò ó! Àǹtí, ṣé fóònù ni àbí láptọ́ọ̀pù? Ṣé ẹ fẹ́ pààrọ̀ skríìnì ni?" Bí ọ̀kan ṣe ń fà á lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń fà á lápá òsì. Àdúgbò ilé gbígbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé àwọn oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000. Ní báyìí, láti Otigba dé Ola Ayeni, títí dé Simbiat Abiola tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Medical Road, ìsọ̀ ló kún bámúbámú. Ó sì ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun yóò kó wọn lọ sí Katangowa.

Ta ni yóò ronú kan ewéko nírú ibi bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ohun tí ẹni tó fẹ́ tọ́ ewéko ajẹkòkòrò ń wá kiri, orí tábìlì ni wọ́n tò ó sí níbẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ewéko tó ń jẹ kòkòrò kì í ṣe àlọ́ ìjàpá. Òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Charles Darwin kọ odindi ìwé lé e lórí ní ọdún 1875. Nàìjíríà wa níbí náà ní tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Drosera indica. Inú ilẹ̀ oníyanrìn tó tutù lásìkò òjò ló ń hù sí. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, irun wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀, omi tó ń dán bí ìrì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ tó bá ti fi àtè mú ẹyẹ rí yóò mọ ohun tí omi náà wà fún. Eṣinṣin kékeré á bà lé e, ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó di ọbẹ̀.

Èkejì, Utricularia, inú omi tó dúró àti abàtà ló ń gbé. Kò ní gbòǹgbò, àpò kéékèèké ló so mọ́ ara rẹ̀. Ohun kékeré tó bá fara kan ẹnu àpò náà, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti fà á wọlé. Ìdin ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń jẹ. Kì í ṣe pé kí ìyá ọlọ́mọ wá tìtorí èyí ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì o! Ṣùgbọ́n abàtà tí wọ́n bá da yanrìn dí, tòun ti ewéko yìí ni wọ́n jọ sin.

Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ló sọ wọ́n di ọdẹ. Nítorí náà, ìyá tó ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kó má dà á sí eléyìí, ó máa pa á ni. Yanrìn tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní, tí kì í ṣe ti etí òkun nítorí iyọ̀, ni wọ́n ń pò mọ́ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní peat. Èso Drosera wẹ́wẹ́ bí ata gígún. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ́n ọn sí, wọn kì í bò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú.

Omi ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ní èròjà ilẹ̀ nínú, díẹ̀díẹ̀ nìyẹn sì ń pa wọ́n. Omi òjò ló dára jù, bí òjò bá ti kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí ojú ọ̀run lọ, tí wọn ò sì gbè é lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀, omi tí wọ́n ń bù kún bátìrì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ la ẹnu yín dáadáa pé omi lásán lẹ fẹ́, kì í ṣe ásíìdì! Abọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ni kí ẹ bu omi sí, kí ilẹ̀ fà á mu láti ìsàlẹ̀.

Ibí ni Computer Village ti wúlò. Wọ́n máa ń fi ike tó mọ́ gaara bo ìkòkò kí ọmọ ewéko má gbẹ. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ kò bá wọ ibẹ̀, ohun funfun bí òwú, irú èyí tó ń bo búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀, á jáde, láàárọ̀ ọjọ́ kejì gbogbo ọmọ ewéko ti lè dojú bolẹ̀. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà àlòkù ni oògùn rẹ̀. Wọ́n kó o jọ bí iṣu níwájú àwọn tó ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: púpọ̀ jẹ́ 12V, àwọn kan sì jẹ́ 5V tí power bank lè gbé nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí ewéko tààrà, atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Ẹ sì máa ṣí ike náà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Iná LED funfun wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn. Wákàtí 12 sí 14 lóòjọ́ tó o.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta èso Venus flytrap lórí fóònù, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń padé gbàmù bí pàkúté. Ìpínlẹ̀ North Carolina àti South Carolina ní Amẹ́ríkà nìkan ló ti ń dá hù, láti ọdún 2014 sì ni North Carolina ti sọ jíjí i wú nínú igbó di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Èso rẹ̀ gan-an kéré, ó dúdú, ó sì ń dán. Ẹni tó bá fi àwòrán aláwọ̀ búlúù ta á fún yín, gbájúẹ̀ ni. Kódà bó jẹ́ ojúlówó, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kó tó dàgbà, ó sì ń fẹ́ òtútù bí oṣù mẹ́ta lọ́dọọdún. Níbo ni Èkó ti fẹ́ rí ìyẹn? Ẹni tó bá sì ń kó èso láti òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NAQS.

Ìyanu tó jù wà ní Làìbéríà, Sàró àti Côte d'Ivoire. Triphyophyllum ni wọ́n ń pè é, ìtàkùn igbó ni. Ìgbà èwe nìkan ló ń jẹ kòkòrò, tó bá dàgbà tán á jáwọ́. Ní ọdún 2023 ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé àìtó phosphorus nínú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di apẹran.

Drosera tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún kan náà ló ń dàgbà, tó ń tanná, tó ń so, tó sì ń kú. Bí orí èso rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun. Bébà náà ni kí ẹ fi dì í, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì kọ oṣù tí ẹ kó o sí i lára.