Ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ Ló Kọ́kọ́ Kú

Oògùn koríko inú oko ìrẹsì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní butachlor. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka á dópin, torí ẹ̀bi tèmi wà nínú ẹ̀.

Máfolúkù ni mò ń gbé, ní Òṣòdì níbí. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé bí òjò bá ti rọ̀, gọ́tà á kún, bó bá sì di alẹ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàálù ń kọjá lórí wa, jẹnẹrétọ̀ ń dún, síbẹ̀ èèyàn á ṣì gbọ́ wọn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò kà á sí nǹkan kan. Ariwo lásán ni lójú mi. Inú oko ni mo ti wá mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn máa fetí sí i.

Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí mo ṣì ń fi ìwé ẹ̀rí poli mi yangàn, mo ń bójú tó àwọn àgbẹ̀ kan tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ kan lápá Ìkòròdú. Koríko ń yọ wọ́n lẹ́nu gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbin ìrẹsì rí mọ̀ pé koríko ibẹ̀ kì í ṣeré. Bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, òun ló máa jẹ gbogbo ajílẹ̀ tẹ́ ẹ rà. Owó àwọn tó ń bá èèyàn roko sì ti ga.

Mo kó wọn jọ sábẹ́ igi, mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lo butachlor. Mo ní kí wọ́n fín in láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ́ ìrẹsì tán, kí koríko tó yọ, torí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló ń pa, agbára ẹ̀ ò ká èyí tó ti dàgbà. Mo ní kí omi díẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n wọ bàtà òjò, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n má fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ dáadáa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní, "Àǹtí Agíríkì, ẹ ṣeun."

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò sọ ni ibi tí omi yẹn máa gbà lọ.

Bàbá kan wà nísàlẹ̀ àkùrọ̀ náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kì í gbin ìrẹsì, ẹja àrọ̀ ló ń sìn nínú adágún tó gbẹ́ fúnra ẹ̀. Odò kékeré tó gba ẹ̀gbẹ́ oko ìrẹsì kọjá ló ń gbé omi wọ adágún yẹn. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fín oògùn, Bàbá pè mí sí etí oko ìrẹsì, ó fi igi da omi rú díẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, àwọn dúdú onírù yẹn tí àwọn àgbà ń pè ní légbénlègbé, ló léfòó lọ bẹẹrẹ, ikùn wọn funfun sókè.

Bàbá ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ rí nǹkan yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ìrẹsì là ń gbìn, a ò sin ọ̀pọ̀lọ́. Koríko ṣáà ń kú."

Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Kò sì ní kú lọ́sàn-án lásán." Ó yí padà, ó lọ sídìí adágún ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ńlá rọ̀. Omi fẹ́ bo ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ mọ́lẹ̀, ni àwọn àgbẹ̀ bá la ẹnu ebè, wọ́n tú omi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ẹja Bàbá ti ń gbé ẹnu sókè, wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ẹja tó fẹ́ tà fún ọdún Kérésì ni, owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ ẹ̀ méjì sì wà níbẹ̀.

Gbogbo èèyàn ní òjò ló fà á, wọ́n ní omi ìdọ̀tí ló wọ adágún. Èmi náà ní òjò ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí mò ń padà sí Òṣòdì, àwọn ikùn funfun yẹn ni mò ń rí. Bàbá ti fi hàn mí ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ká ní mo mọ ohun tí mò ń wò ni, mi ò bá ti sáré lọ sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má tú omi yẹn, mi ò bá sì ti ní kí Bàbá dí ẹnu adágún ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ jókòó kàwé.

Ní ọdún 2011, ìwádìí kan jáde láti Taiwan lórí butachlor yìí gan-an. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gbé inú oko ìrẹsì wọn ni wọ́n fi dán an wò. Ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ pé kí àgbẹ̀ lò jẹ́ 4.8 mílígíráàmù nínú lítà omi oko kan. Àmọ́ 0.87 mílígíráàmù péré nínú lítà kan ti tó láti pa ìdajì àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà láàárín wákàtí 96, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ohun tí wọ́n ní ká lò ju ohun tó ń pa wọ́n lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀. Àgbẹ̀ ò sì ṣì í lò o. Ìwọ̀n tó tọ́ ni mo ń sọ yẹn.

Ìwádìí yẹn tún sọ pé òótọ́ ni pé oògùn náà máa ń tètè dín kù nínú omi, àmọ́ yóò tó nǹkan bíi wákàtí 126 tí omi oko á fi le ju ìwọ̀n tó ń pa wọ́n lọ. Ọjọ́ márùn-ún ó lé díẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta làwa tú omi tiwa sílẹ̀.

Kí ló kan ẹja níbẹ̀? Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kò tíì di ọ̀pọ̀lọ́. Inú omi ló ti ń mí bí ẹja, awọ ara ẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ohun tó bá wà nínú omi ló ń wọ inú ẹ̀ tààrà. Kò lè fò jáde sá lọ bí ìyá ẹ̀. Torí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Butachlor ò sì mọ ẹja sí ọ̀rẹ́. Ẹ yẹ ara ike oògùn náà wò, ẹ máa rí ìkìlọ̀ pé ó léwu fún àwọn ohun tó ń gbé inú omi. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń kú, omi yẹn kò tíì ṣeé tú sílẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ti rí irú ẹ̀ níbòmíì kó tó kàn wá. Ní California ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹja ń kú níbi tí omi oko ìrẹsì ń ṣàn gbà, omi ẹ̀rọ ìlú Sacramento sì ń korò lẹ́nu àwọn aráàlú. Oògùn koríko ìrẹsì ni wọ́n rí pé ó fà á, molinate àti thiobencarb. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbin ìrẹsì mọ́ o. Wọ́n ní kí wọ́n sé omi mọ́ inú oko kó tó di pé wọ́n tú u. Nígbà tó yá, iye ọjọ́ tí wọ́n ń sé e tó nǹkan bí oṣù kan fún irú àwọn oògùn yẹn. Ní Japan náà, ọjọ́ 7 ni wọ́n ní kí àgbẹ̀ fi sé omi lẹ́yìn tó bá lo oògùn koríko.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ká máa fọwọ́ tu koríko ni?" Rárá o. Mi ò ní kí ẹ dá oògùn dúró. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ mi láti ọjọ́ yẹn nìyí:

1. Ẹ tún ebè yín ṣe kẹ́ ẹ tó fín oògùn. Ẹ dí gbogbo ihò akàn àti ihò eku. Oko tó ń jò, ẹ má fín nǹkan kan sí i.

2. Ẹ wo ojú ọ̀run. Bí òjò ńlá bá ń bọ̀, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí omi inú oko mọ níwọ̀n, kí ebè sì ga díẹ̀, kí òjò lè rí ibi dúró sí láì jẹ́ pé ẹ la ẹnu ebè.

3. Ẹ sé omi mọ́ inú oko, ó kéré tán ọjọ́ 7. Bí ara ike bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tara ike lẹ máa tẹ̀ lé.

4. Kẹ́ ẹ tó fín in, ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi, yálà ó ń sin ẹja, ó ń pọn omi mu, tàbí ó ń fi omi náà bomi rin ẹ̀fọ́.

5. Ẹ má fọ ẹ̀rọ ìfínoògùn sínú odò. Omi tẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, inú oko kan náà ni kẹ́ ẹ dà á sí.

6. Ẹ dín koríko kù kí oògùn tó dé. Ẹ ro ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí koríko hù, ẹ tún un ro kẹ́ ẹ tó lọ́ ìrẹsì. Bẹ́ ẹ bá lọ́ ọ ní ìlà tó gún, ọkọ́ á ráyè kọjá. Bí ìrẹsì bá sì ti mú ilẹ̀, omi tó bo ilẹ̀ dáadáa kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ koríko hù.

7. Ẹ fi kòtò omi kékeré kan sílẹ̀ lókè oko, níbi tí oògùn ò ní dé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ á máa yé sí. Òun náà ń bá yín ṣiṣẹ́, ṣebí kòkòrò ló ń jẹ ṣúlẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yín rèé. Mo ti rí i ní ọjà wa níbí, kí wọ́n máa da oògùn koríko láti inú ike ńlá sínú ike omi mímu, kí wọ́n máa tà á ní wẹ́wẹ́. Ẹni tó rà á kò rí ìkìlọ̀ kankan kà, kò mọ ìwọ̀n, kò mọ iye ọjọ́ tó máa sé omi. Ọmọdé sì lè gbé e mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á nínú ike tó bá wá, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Ẹ sì rántí pé NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 1, 2024, wọ́n sì fòfin de atrazine láti January 1, 2025. Atrazine yìí wà lára àwọn tí ìwádìí fi ọ̀pọ̀lọ́ yẹ̀ wò: ní ọdún 2010, ìwádìí kan láti yunifásítì ní Berkeley, California, sọ pé nínú àwọn akọ ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n tọ́ sínú omi tí díẹ̀ nínú ẹ̀ wà, 10 nínú 100 di abo. Ẹni tó bá ṣì ń fi í pamọ́ tà, kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará àdúgbò mi náà tẹ́ ẹ máa ń fín oògùn koríko sí etí gọ́tà kí ilé lè mọ́, gọ́tà ń lọ sí kanáàlì o. Ẹ fi àdá gé e.

Ó kù ọ̀rọ̀ Bàbá. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn kí n tó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe òjò nìkan. Omi oògùn ló wọ adágún yín, èmi ni mo kọ́ wọn láìsọ ti omi fún wọn. Ẹ sì fi hàn mí, mo fi yín rẹ́rìn-ín."

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ti mọ̀. Mo ń dúró dè yín ni." Ó ní kí n lọ sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún òun. Mo lọ. Ojú tì mí gan-an. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbẹ̀ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú omi láàárín ọjọ́ 7, wọ́n sì dá owó jọ, wọ́n fi ra ọmọ ẹja fún Bàbá. Kò tó ohun tó pàdánù, ṣùgbọ́n adágún náà ò ṣófo mọ́.

Títí dòní, bí mo bá dé oko ẹnikẹ́ni, etí omi ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo máa ń wá àwọn dúdú onírù yẹn. Bí wọ́n bá ń sáré kiri, ọkàn mi á balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ìrẹsì, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń sé omi? Ta ló wà nísàlẹ̀ oko yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ gba ara wa nímọ̀ràn. Ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sin ẹja nítòsí àkùrọ̀.